Àṣàrò Pẹ̀lú Èémí: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 2:7, Orin Dáfídì 63:1-8, Lúùkù 2:15-19

 Ó ti lé ní ọdún kan tí àwa obìnrin mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ ti ń jókòó pọ̀ ṣe àṣàrò ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. A kò tíì di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bi wá bóyá ohun tí a ń ṣe bá ìgbàgbọ́ mu, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ísáákì jáde lọ sí oko ní ìrọ̀lẹ́ láti ṣe àṣàrò. Dáfídì ń ṣe tirẹ̀ lórí ibùsùn lóru. Màríà, tí ara ìbímọ kò tíì kúrò lára rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ó sì ń rò ó nínú ọkàn. Wọ́n máa ń sọ nípa Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, pé nígbà tí kò bá rí ibi ìkọ̀kọ̀ nínú ilé, ṣe ló máa ń fa épírọ̀nù rẹ̀ bo orí láti gbàdúrà. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà bí. Àwáwí wo ló kù fún wa?

Ní ti èémí, Ọlọ́run mí sí Ádámù kó tó di alààyè, Jésù sì mí sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú èdè wa, inú “mí” kan náà ni ẹ̀mí àti èémí ti jáde. Òótọ́ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn náà ń lo èémí. Ta ni kì í mí? Ẹni tí a kọjú sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá dà bí wákàtí mẹ́ta. Bí a bá ti dijú, ẹ̀wà tí a gbé kaná nílé ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn, owó àjọ yóò tẹ̀lé e. Ìyá kan hanrun lọ́jọ́ kan débi pé ẹ̀rín ni a fi túká. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé kí ọkàn sá lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífà á padà jẹ́jẹ́ ni iṣẹ́ náà gan-an, bí ìyá ti í fa ọmọ tó ń kọ́ ìrìn padà láti ẹ̀bá títì.

Ìgbà tí a sọ pé a fẹ́ kó jinlẹ̀ ni a ṣì í ṣe. A ń mí tagbáratagbára, kíákíá. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa, ìka ọwọ́ ń ṣe wá bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Arábìnrin kan ṣubú sórí àga, àwọn kan sì ń yin Olúwa pé Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà láàrin wa ló ní ká dákẹ́. Ó ní ẹni tó bá ń mí kíákíá ju bí ara ti fẹ́ lọ ń lé kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì jáde jù, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ yóò sì fún pọ̀; òun ló ń fa òòyì náà. Ojú tì wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá mì wá lára ni Ẹ̀mí Mímọ́.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàrin ìṣẹ́jú kan. Nísinsin yìí, a máa ń fi imú fa èémí sínú títí a ó fi ka ení dé ẹ̀rin, a ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ dé ẹ̀fà. Bí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ìyẹn pẹ́ jù. Bí ó bá ti mọ́ra, a ó fi orúkọ Jésù rọ́pò kíkà náà. Ẹni tó bá ni lára, kó mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, ìyá kan tí gbogbo wa mọ̀ sí aláwàdà bú sẹ́kún láàrin ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni. Nígbà náà, wọ́n ní kó má sunkún, pé òmíràn ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ máa lé ẹ̀mí èṣù jáde. A dúpẹ́ pé ẹni tó ń darí wa kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sunkún bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dárúkọ ọmọ náà fún wa, a kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. A ti rò pé bí àṣàrò bá jinlẹ̀, ìbàlẹ̀ ọkàn nìkan ni a ó máa rí. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kànga ni ohun tó já sínú rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí ìrántí bá bà lẹ́rù, kó lajú, kó dìde, kó sì rí àlùfáà tàbí dókítà.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí i pé òun ń sùn dáadáa, ló bá pa oògùn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pé oṣù kan tí orí fífọ́ fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ o. Ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Ní ìpàdé, kí ẹgbẹ́ ka Lúùkù 2:15-19, kí a jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kí a jíròrò: Kí ni Màríà lè máa rò? Èwo nínú ohun tí a gbé pa mọ́ sínú ni a kò tíì jẹ́ kí Olúwa bá wa wò? Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá mú un.