Àpótí Ìmọ̀: Àkọ́díónì ló ń yan orin

Kì í ṣe gbogbo àkọ́díónì oníbọ́tìnnì ló ń gba gbogbo orin. Èyí tó ní ìlà bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mẹ́wàá péré, ti gba ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ ti dó, bọ́tìnnì tó ń ké dó nígbà tí a ti àkọ́díónì wọlé lè ké ré nígbà tí a fà á síta, ìka kò sì kúrò lórí rẹ̀. Fàá dièsì ńkọ́? Kò sí níbẹ̀.

Ní Ireland, ré àti sọ́ọ̀lù, tí àwọn méjèèjì nílò fàá dièsì yẹn, ni ọ̀pọ̀ orin ijó ìbílẹ̀ wà. Ẹni tó ń lo onílà kan á wá ti ré rà. Àwọn mìíràn a ra onílà méjì, sì àti dó, tó ní gbogbo ohùn méjìlá nínú. Àmọ́ iṣẹ́ ìka pọ̀ níbẹ̀!

Nílẹ̀ Yorùbá, I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó gba oyè MBE lọ́dún 1963, ló sọ àkọ́díónì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin jùjú. Gìtá lè yí ohùn padà, akọrin náà lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Àkọ́díónì onílà kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ lé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ Sakété, ní ilẹ̀ Benin, ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ àwọn ohùn wọ̀nyí o. Dó tí a kọ́ nílé ìwé Faransé kì í kúrò lójú kan, C ni. Nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà, dó ń ṣí kiri: bí orin bá wà ní G, sọ́ọ̀lù tiwa ni wọ́n ń pè ní dó.