Ewu tí Àgbàrá Ń Fi Sílẹ̀: Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Dá A Mọ̀

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe ilẹ̀ etí òkun. Ìjì ńlá tí ń ti orí òkun wá, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ tuntun, kì í dé Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀sìẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí àgbàrá tí ń sáré ti orí òkè wọ agboolé ní oṣù kẹsàn-án mọ̀ pé kò di ìgbà tí òkun bá wà nítòsí kí omi tó ṣe ìjàǹbá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ní ọdún 2012 àti 2022, odò Ọya bo oko àti ilé ní ìhà Pàtégí, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, àgbàrá pa ènìyàn tí ó ju 150 lọ ní Mokwa, níwájú Jẹ́bà.

Omi tí ń gbé ènìyàn lọ, ojú ń rí i. Èyí tí ó ṣòro láti rí ni ewu tí ó fi sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ tí oòrùn sì ti yọ. Àwọn ewu náà kì í dé ní ọjọ́ kan náà, ẹni tí ó bá sì mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni ògiri amọ̀ tí omi ti mu, wáyà iná mànàmáná tí ó já sínú omi, àti ejò tí omi lé kúrò nínú ihò tí ó wá sá pamọ́ sáàárín igi ìdáná. Páànù àti ìṣó inú ẹrẹ̀ a máa gún ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò tẹ́tánù ti ń wọlé. Lẹ́yìn èyí ni ìgbà onígbáméjì, nítorí láti ìgbà tí ènìyàn bá ti mu kòkòrò rẹ̀, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún ni àìsàn náà fi ń fara hàn. Ẹ̀fọn kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Àgbàrá tí ń ṣàn a máa gbé ẹyin rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi tí ó bá dúró sínú táyà àti àpáàdì a di ilé ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ibà a sì tẹ̀ lé e. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó hàn. Bákan náà ni àrùn kan wà tí ń ti inú ìtọ̀ eku wọ ara ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ tí ó ní egbò rìn nínú omi. Ó pa àwọn ènìyàn ní Puerto Rico lẹ́yìn ìjì Maria ti ọdún 2017.

Ní Beira, ní ilẹ̀ Mozambique, ìjì Idai jà ní òru ọjọ́ 14 mọ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 27, onígbáméjì ti dé. Ènìyàn tí ó ju 800,000 lọ ni a sì fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹnu kí oṣù kẹrin tó parí. Kò yẹ kí a wo èyí bí ìtàn ìlú òkèèrè. Ní ọdún 2017, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, 1,558 ènìyàn ni a kọ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí onígbáméjì ti mú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, 11 nínú wọn sì kú. Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn wà, pẹ̀lú díẹ̀ ní Asà àti Mọ́rò. Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán kò ju ìrìn ọkọ̀ kékeré lọ.

Ibi tí ó yẹ kí wíwò ti bẹ̀rẹ̀ ni kànga. Ilẹ̀ Ìgbómìnà jẹ́ ilẹ̀ alápàáta. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà lórí àpáta, àti inú àwọn ibi tí àpáta ti sán, ni omi kànga ti ń wá. Omi ìdọ̀tí tí ó bá bọ́ sínú irú ibi tí ó sán bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rìn dé òdìkejì. Nítorí náà ni àwọn wolé-wolé fi máa ń sọ pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun. Lẹ́yìn àgbàrá, kí baálé wo àmì tí omi fi sí ara ògiri. Bí àmì náà bá ga ju ẹnu kànga lọ, tàbí tí ṣáláńgá ti kún jáde, kí a ka kànga náà sí èyí tí ó ti bàjẹ́, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara.

Lórí ọ̀rọ̀ omi mímọ́ gaara yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kì í pa kòkòrò. Aṣọ ìsẹ́mi ni ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ láti lé sobìà kúrò ní Nàìjíríà, tí a fi kéde ní ọdún 2013 pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì kéré púpọ̀ ju ohun tí ó ń gbé sobìà kiri lọ, aṣọ nìkan kò tó o. Kí a se omi náà títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí a fi kúlórínì sí i ní ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ.

Títún kànga ṣe ní ìlànà tirẹ̀. Kí a kó pàǹtí inú rẹ̀, kí a fa omi rẹ̀, kí a fi omi kúlórínì fọ ara rẹ̀. Nígbà tí omi tuntun bá sun, kí a da kúlórínì sí i, kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a sì máa fà á dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Kò dára láti fa gbogbo omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ilẹ̀ ṣì rin, nítorí kànga lè ya lulẹ̀. Ẹ̀rọ ìfami tí ń lo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wọ inú kànga láé: èéfín rẹ̀ a máa pa ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, àti ẹni tí ó bá wọlé láti gbà á là.

Ohun kan wà tí sísè kò lè wò. Bí omi bá gba inú yàrá tí a kó oògùn apakoríko sí kọjá, tàbí tí ó ń rùn bíi kẹrosíìnì, kí a má ṣe mu ún rárá, kí a lọ pọn omi níbòmíràn. Gàrí, èlùbọ́ àti àgbàdo tí àgbàrá bá kàn, ẹran tí ó kú sómi pẹ̀lú, kò yẹ fún ẹnu ènìyàn. Kí a ri òkú ẹran mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò. Àdánù ni, pàápàá fún ìyá tí gàrí jẹ́ gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ kí àwọn ará ilé ràn án lọ́wọ́, kí ó má baà gbé e lọ sí ọjà.

Àmì tí kò yẹ kí a fi pamọ́ ni ìgbẹ́ gbuuru tí ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Àgbàlagbà kan ṣoṣo tí irú èyí bá mú tí ojú rẹ̀ sì jìn wọlé ti tó láti ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìlera. Kí ó tó dé, tàbí bí a ti ń gbé aláìsàn lọ, kí a po ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà, kí ṣíbí má ṣe kún gegele, sínú omi mímọ́ lítà kan, kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń bì. Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ yóò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fi kan ìkòkò ọbẹ̀.