Ìyá wa ní Jíbówú, ọwọ́ yín ti jẹ́rìí

Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ibì kan ni mi ò lè gbójú fò. Ẹ kọsẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì, ẹ fọwọ́ tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ yín sì kán. Àbúrò ọkọ yín wá ní kí ẹ má wulẹ̀ náwó sórí àyẹ̀wò DEXA, ìyẹn ìdíwọ̀n egungun, tí dókítà kọ fún yín, pé egungun aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́lẹ́. Ta ló sọ fún un? Bí èèyàn bá já bọ́ láti orí òrùlé tó sì kán lọ́wọ́, kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ẹni ọdún 61 bá ṣubú láti orí ìdúró lásán tí egungun sì kán, egungun yẹn gan-an ló yẹ ká wádìí. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, egungun obìnrin ń jó rẹ̀yìn, ìbáà dúdú, ìbáà pupa.

Àbúrò ọkọ yín lè fi Gáńbíà gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996 fi hàn pé egungun tí ń kán kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà obìnrin abúlé níbẹ̀. Àmọ́ ìwádìí yẹn kan náà ló sọ pé egungun wọn fẹ́lẹ́ ju ti àwọn obìnrin Bìrìtéènì lọ! Àwọn yẹn fẹ́lẹ́, wọn ò kán. Ẹ̀yin ti kán. Kí ni Gáńbíà fẹ́ bá yín sọ mọ́?

Ẹlòmíì á ní ara ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó ni wọ́n ti mú òdiwọ̀n tí ẹ̀rọ DEXA ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi -2.5 ṣe ààlà nọ́ńbà tó ń fi egungun ẹni wé tiwọn: èyí tó bá wà níbẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, egungun ti fẹ́lẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ tó ń kán ni nọ́ńbà tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀ burú. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà nìkan; ẹ sọ ti ọwọ́ tó kán, ẹ sì dárúkọ oògùn oríkèé tí ẹ ní ẹ ń rà ní kẹ́míìsì, torí bó bá jẹ́ prednisolone, ó ń jẹ egungun.

Àyẹ̀wò náà kò le rárá. Ẹ má lo oògùn kálísíọ́ọ̀mù láti ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ bọ́ ohun irin àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja, apá ẹ̀rọ á kọjá lókè yín láìfọwọ́ kàn yín, wọn kì í ti èèyàn bọ inú ihò kankan, kì í sì í pẹ́ ju bí ìdá mẹ́ta wákàtí lọ. Ìtànṣán rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti x-ray àyà. Ìbàdí àti ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń wọ̀n. Bí wọ́n bá wọn gbogbo ara, ẹ ó tún mọ ìwọ̀n ọ̀rá àti iṣan. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣan ẹsẹ̀ dáadáa, torí òun ló ń gbani lọ́wọ́ ìṣubú.

Ẹ má bínú sí àbúrò ọkọ yín jù. Ẹ ní kó sìn yín lọ, kó bá yín gbé báàgì, torí ọwọ́ yẹn ò tíì jinná.