Aròkọ Aṣàlàyé: Iṣẹ́ Transglutaminase Nínú Ara

Bí o bá fi ọ̀bẹ gé ìka, ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn, lẹ́yìn náà yóò dì. Kí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà tún tú? Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní transglutaminase ni. Olórí iṣẹ́ wọn ni láti so purotéènì mọ́ purotéènì, bí ajórin ti ń jó irin mọ́ irin. Ibi iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀, Factor XIII ni ó ń so okùn fíbírìn pọ̀. Ọmọ tuntun tí kò ní i, ìdodo rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gé ìwọ́ rẹ̀. Irú kejì ń mú kí òde awọ ara yi, kí omi ara má baà gbẹ; bí ó bá bàjẹ́, awọ a máa ṣe ìpẹ́ bí ẹja. Ṣùgbọ́n tibi tire ni. Nínú ìfun àwọn kan, irú kẹta a máa yí purotéènì inú àlìkámà padà, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ìfun ara rẹ̀ jà.

Àkíyèsí: Mo sọ iṣẹ́ kan kí n tó ka ibi mẹ́ta. Ìwọ náà, ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, kí ọ̀rọ̀ rẹ má baà dàrú mọ́ olùyẹ̀wò lójú.