Jẹ́ Kí Bàbá Rẹ Wá Rí Mi

Ọmọ mi, o ní o fẹ́ fi ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, bàbá rẹ sì ní òun ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ nínú agbo ilé. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìwọ lo jàre.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá bá mi láti iléèwé. Ọmọ ọdún méjìlá. Ó so súwẹ́tà mọ́ ìdí, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tó rí ló mú kó ya ìwé rẹ̀ láàárín, ó ká a sínú pátá. Ó bi mí pé, "Mà, ṣé mo máa kú ni?" Nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Àdìrẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Obìnrin náà mọ orúkọ gbogbo ọnà ara aṣọ, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọmọ rẹ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe ń de aṣọ han ọmọ náà, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ka ọjọ́. Mo wá bẹ ọ̀gá iléèwé náà pé kí n bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Ó ní mo fẹ́ ba àwọn ọmọ òun jẹ́. Ó ń dùn mí dòní.

Àwọn kan ti lànà ṣáájú rẹ. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni Grace Delano. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládípọ̀ ló dá ARFH, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ìbímọ àti ti ìdílé, sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1989. Lọ́dún 2001, tí ọmọ Òwu, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ń ṣe ààrẹ, ìjọba gbé ìlànà ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ jáde fún iléèwé. Ariwo pọ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Family Life and HIV Education. Nígbà tó di 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níléèwé ìpìlẹ̀, kí òbí àti ẹlẹ́sìn máa bójú tó o. Ó dáa. Ta ni yóò wá kọ́ òbí? Iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Máa ṣe nọ́ọ̀sì, tàbí kó o lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ l'Óṣíẹ̀lẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìlera fún ìgbà tó bá yá. Má gbára lé iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ bí ARFH nìkan o. Òkè òkun ni owó ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, bówó bá tán, iṣẹ́ tán. Ní ìwé ẹ̀rí tí ilé ìwòsàn tàbí iléèwé lè fi gbà ọ́.

Kọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ní Yorùbá dáadáa. "Ojú ara" lo máa sọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Lọ́dọ̀ ọmọdé, dárúkọ ẹ̀yà ara náà gan-an, torí ọmọ tí ẹnì kan fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó jẹ́. Ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ: kọ́kọ́ jókòó, kó o gbọ́ ohun tó ń ba àwọn àgbà ibẹ̀ lẹ́rù.

Ní ti bàbá rẹ, ní kó yà kí mi ní Òkè Àgó-Òwu lọ́jọ́ Sátidé. Màá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó ya ìwé fún un. Ọmọbìnrin mẹ́ta lòun náà bí.