Àbẹ̀kẹ́, Mọ Ohun Tí O Fẹ́ Rà

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì ti ka ìwé iye owó tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ bá ọ ṣe ìkànnì ayélujára kọ fún ọ. Inú mi dùn pé o kò fẹ́ kí àdìrẹ rẹ mọ sí ọjà Ìtòkú nìkan, pé o fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí ní Houston náà lè rà á. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé o ní ìdajì ohun tó wà nínú ìwé náà kò yé ọ, síbẹ̀ o ti fẹ́ san ìdajì owó. Má tíì san nǹkan kan. Gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yìí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Domain ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, nọ́ńbà náà sì ṣòro fún ọmọ ènìyàn láti há sórí. Ní 1983, Paul Mockapetris gbé ètò kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DNS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá nọ́ńbà tó bá orúkọ tí a tẹ̀ mu. Orúkọ tí à ń tẹ̀ yẹn ni domain. Èyí tó parí sí .com ti wà láti 1985. Ti Nàìjíríà ni .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó o, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ ni wàá ti rà á. Mo ní “rà”, ṣùgbọ́n kì í ṣe àràgbé: ọdọọdún lo máa san owó rẹ̀, tàbí kí o san ti ọdún bíi mélòó kan pọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ jù lọ nìyí. Domain náà gbọ́dọ̀ wà lórúkọ rẹ, kí ó so mọ́ íméèlì rẹ, kí password rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìkànnì fún ènìyàn ló máa ń fi orúkọ ara wọn rà á. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní èrò ibi, ó kàn máa ń rọrùn fún wọn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí ẹni náà bá ti lọ sí Kánádà tí kò gbé ìpè mọ́, orúkọ tí o fi ọdún gbáko polówó kò ní sí lábẹ́ àṣẹ rẹ. Aláṣọ kan wà ládùúgbò wa níbí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti tẹ orúkọ náà sára àpò, sára páálí, sára ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ pàápàá. Orúkọ tuntun ló padà lọ wá.

Kọ ọjọ́ tí owó ọdún náà máa parí síbi tí o ti máa ń rí i. Àwọn ńláńlá pàápàá ń gbàgbé. Nígbà Kérésìmesì 1999, Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, èyí tí àwọn tó ń lo íméèlì Hotmail ń gbà wọlé. Íméèlì ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣí, àfìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi káàdì ara rẹ̀ san dọ́là 35 náà fún wọn.

Hosting ló tẹ̀ lé e nínú ìwé rẹ. Àwọn fáìlì ni ìkànnì jẹ́: ọ̀rọ̀, àwòrán, àti àwọn àṣẹ tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Server ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, owó tí o sì ń san fún ẹni tó ni ín ni owó hosting. Òun àti domain kì í ṣe ọ̀kan náà. O lè kó kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ hosting kan lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ orúkọ rẹ, tí orúkọ náà bá sáà ti jẹ́ tìrẹ. Bèèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá ẹ̀dà gbogbo fáìlì náà máa wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo rí i pé ó kọ owó sí iwájú SSL. Èyí ni ohun tó ń jẹ́ kí https, àti àmì àgádágodo lórí àwọn browser kan, hàn níbi tí a ti ń tẹ orúkọ ìkànnì. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín fóònù oníbàárà àti server pamọ́ kí ẹni tó wà láàárín má lè kà á. O gbọ́dọ̀ ní i, àmọ́ láti 2015 ni àjọ Let's Encrypt ti ń fún ayé ní i lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ hosting ló sì ti fi kún owó wọn. Jẹ́ kó ṣàlàyé ohun tó ń gbowó lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, tó kọ síbẹ̀: láti 2003 tó ti jáde, ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó gbowó rẹ̀, ìyẹn tọ́ sí i, kó má ṣe ta ohun ọ̀fẹ́ fún ọ. Àti pé àgádágodo yẹn kò túmọ̀ sí pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ìkànnì. Gbájúẹ̀ náà ń ní in. Rántí èyí nígbà tí ìwọ fúnra rẹ bá ń rajà.

Ìyá rẹ ní kí ló dé tí Instagram àti WhatsApp kò fi tó ọ. Ìbéèrè gidi ni. Máa lò wọ́n, ibẹ̀ ni èrò wà. Ṣùgbọ́n ní October 4, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí àṣìṣe kan tó mú kí DNS wọn di àwátì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà níbẹ̀ kò tà lọ́jọ́ yẹn. Ní June ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di January 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Orí ohun ẹlòmíì lo ń pàtẹ sí, ìgbà tó bá wù ú ló lè ní kí o dìde. Ìkànnì tìrẹ ló yẹ kí gbogbo wọn máa tọ́ka sí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpolówó. Ibí yìí ni owó ti máa ń jò jù, torí náà má kánjú kà á. Ro ó bí ìsọ̀ ìyá rẹ ní Ìtòkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọjá, wọ́n á sì rí aṣọ tó so rọ̀: ìyẹn ni impression, iye ìgbà tí ìpolówó rẹ hàn. Díẹ̀ nínú wọn á yà wọlé: ìyẹn ni click. Àwọn kan á wo ẹyọ kan, wọ́n á sì jáde láìbéèrè nǹkan kan, bounce nìyẹn. Àwọn tó bá sanwó tí wọ́n gbé aṣọ lọ ni conversion. Àwọn tó ń ta ìpolówó fẹ́ràn láti fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ yangàn nítorí òun ló máa ń pọ̀ jù. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kó o máa bi wọ́n.

Jẹ́ ká ṣírò. Ká ní o fi ₦20,000 polówó, ìpolówó náà hàn nígbà 10,000, ènìyàn 200 sì tẹ̀ ẹ́. Click kọ̀ọ̀kan ná ọ ní ₦100 nìyẹn. Bí mẹ́rin nínú àwọn 200 náà bá rajà, ₦5,000 lo fi mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá. Tí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦4,000, o pàdánù ₦1,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọjà ń tà ló máa rí lójú rẹ. Tún un ṣírò lọ́nà kejì: owó ìpolówó kò yí padà, ṣùgbọ́n o tún ojú ìwé aṣọ náà ṣe, àwòrán rẹ̀ mọ́, iye rẹ̀ hàn, ọ̀nà ìsanwó rẹ̀ rọrùn, ènìyàn mẹ́jọ sì rà á. Owó tí o fi mú ìkọ̀ọ̀kan wá di ₦2,500, o sì jẹ èrè ₦1,500 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o tún ojú ìwé rẹ ṣe kí o tó fi kún owó ìpolówó. Ojú ìwé tí click ń gbé ènìyàn lọ yẹn ni wọ́n ń pè ní landing page. Ẹni tó tẹ àwòrán àdìrẹ oníko gbọ́dọ̀ bá àdìrẹ oníko yẹn gan-an níbẹ̀, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ.

Mo bẹ̀ ọ́, kọ iye owó síbẹ̀. Àṣà kí ènìyàn máa ní kí oníbàárà wá bèèrè iye ní kọ̀rọ̀ yìí, ó ń lé ẹni tó ti múra tán láti rà lọ. Ẹni tó ń ra dátà kò ní dúró de ìdáhùn rẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí dátà yìí kan náà, dín ìtóbi àwòrán rẹ kù kí ojú ìwé tètè ṣí lórí fóònù. Ní ti ìsanwó, Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tàbí Flutterwave, lè bá ọ gba owó káàdì. Wọ́n á yọ ìdá díẹ̀, kí o ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye aṣọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún kọ SEO sínú ìwé rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé ìwọ ni wàá ṣe ipò kìíní lórí Google. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fò. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà lókè pátápátá tí a kọ “Sponsored” sí lára, owó ni wọ́n san, ìyẹn kì í ṣe SEO. SEO ni pé kí o ṣe ojú ìwé rẹ lọ́nà tí ẹ̀rọ ìwáǹkan á fi lóye rẹ̀, tí àwọn tó ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á sì fi rí ọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Google ní 1998 ni ó ti ń wo àwọn ìkànnì mìíràn tó tọ́ka sí tìrẹ, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń tẹ̀ nígbà tó ń wá nǹkan ni keyword. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi àmì ohùn sí i, nítorí náà kọ “àdìrẹ”, kí o sì kọ “adire” náà síbì kan. Kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àti sínú àyè tí wọ́n ń pè ní alt text, tí ẹ̀rọ ń kà sétí afọ́jú.

Kí lo máa kọ? Èyí ni owó kankan kò lè bá ọ rà. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń tà bí àdìrẹ, ti kún ọjà, àwòrán nìkan kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Kọ bí ìyá rẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, bí ó ṣe ń rì í sínú aró. Sọ fún wọn pé òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn ló wà lára ọnà Ìbàdàndùn, pé ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935 ni wọ́n ṣe ọnà Jùbílì fún. Ẹni tó bá ń wá orúkọ àwọn ọnà wọ̀nyẹn lórí Google, ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kó já sí. Ya fídíò ọwọ́ ìyá rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Má san kọ́bọ̀ láti fi ra followers, wọn kì í ra aṣọ.

Máa gba íméèlì oníbàárà, kí o sì máa sọ fún wọn nígbà tí aṣọ tuntun bá jáde. Ṣùgbọ́n gba ìyọ̀ǹda wọn, jẹ́ kí ọ̀nà àtikúrò wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, má ta orúkọ ẹnikẹ́ni, má sì ra ti ẹnikẹ́ni.

Padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní pẹ̀lẹ́tù. Bi í pé lórúkọ ta ni domain máa wà, èló ni owó ọdún kejì, kí ni iṣẹ́ tó máa ṣe gan-an lábẹ́ SEO, ta ló máa mú password lọ́wọ́. Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dáhùn láìyẹhùn, tó sì yọ ìlérí ipò kìíní yẹn kúrò, fún un níṣẹ́, kí o sì sanwó rẹ̀ pé, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tó bá ń bínú nítorí o bèèrè, wá ẹlòmíì. Fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó mú owó jáde.

Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Ìbàdàn.