Ọba Ilẹ̀ Faransé àti Fáìlì Tó Sọnù: Kíka Àṣìṣe Java Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá-Èdè

Ní 1905, Bertrand Russell gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ tí gbogbo wa ti pàdé nínú kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀: ọba ilẹ̀ Faransé òde òní pá lórí. Kò sí àléébù kankan nínú gírámà gbólóhùn yìí, àmọ́ Faransé kò ní ọba. Irú wàhálà yìí gan-an ló máa ń bá ẹni tó fẹ́ so ètò Java pọ̀ mọ́ SAP. Kóòdù rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí kóòdù náà ń dárúkọ kò sí nítòsí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbí ní Ẹdẹ ló gbé e wá bá mi. Ibi tó ti ń ṣe SIWES ni wọ́n ti ní kó kọ ètò kékeré tí yóò máa ka iye ọjà tó kù nínú SAP, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kó fi han ọ̀gá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Jámánì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ló ń ṣe SAP. Òun ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣètò owó, ọjà àti owó oṣù. Nestlé, tó ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá, wà lára àwọn tó ń lò ó káàkiri àgbáyé. Ọ̀rẹ́ mi ti yọ Java kúrò, ó tún un fi sí lẹ́ẹ̀mejì, dátà rẹ̀ sì ń tán lọ. Èmi kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà o, àmọ́ iṣẹ́ wa ni ká ka ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ni àwọn ìlà pupa yẹn.

Ẹ wo orúkọ tí Java ní òun kò rí: com.sap.conn.jco. Láti ohun tó gbòòrò ló ti ń lọ sí èyí tó kéré, bí ìgbà tí a bá ní Nàìjíríà, Ọ̀ṣun, Ẹdẹ, ká tó dárúkọ àdúgbò. Com.sap ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wọn, sap.com, tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú kí orúkọ wọn má baà kọlu ti ẹlòmíràn. Jco ni SAP Java Connector, afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Kì í bá Java wá. Lọ́tọ̀ ni a ń lọ mú un. Bí ẹ bá rí com.sap.mw.jco nínú kóòdù àtijọ́, JCo 2 nìyẹn. JCo 3 ti pa orúkọ dà. Ọ̀rọ̀ javax náà rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gba ọ̀nà SOAP: Java 11 yọ javax.xml.bind kúrò ní 2018, Jakarta EE 9 sì sọ javax di jakarta ní 2020. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ̀ ń lọ, OAU ló máa gbé yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1987 ni orúkọ ti yí padà. Java ò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. «Package com.sap.conn.jco does not exist»: javac ló sọ ìyẹn, òun ló ń yẹ gírámà wò kí ètò tó ṣiṣẹ́ rárá. Kò rí sapjco3.jar ní àwọn ibi tí ẹ ní kó wò, tí wọ́n ń pè ní classpath. NoClassDefFoundError yàtọ̀. Javac ti rí i, ó ti fọwọ́ sí i, àfi ìgbà tí ètò fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ó wọ́pọ̀ bí ètò bá kúrò nínú Eclipse lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tó bá sì ń lo java -jar, kó má wulẹ̀ kọ -cp sí i, Java kò ní í kà á. Àmì ìkọ̀wé pàápàá lè dá wàhálà sílẹ̀: ; ni Windows fi ń pín ọ̀nà níyà nínú classpath, : ni ti Linux. Bí ẹ bá da ti Linux kọ sórí Windows, ọ̀nà méjì á di ẹyọ kan tí kò sí níbì kankan.

Níbo la ti ń rí fáìlì náà? SAP kò gbé e sí Maven Central. Orí SAP Support Portal ló wà, ẹni tó ní àkáǹtì S-user nìkan ló sì lè wọlé, nítorí náà àwọn tó ń bójú tó SAP nílé iṣẹ́ yín lẹ máa bi. Ọ̀rẹ́ mi ti rí ojú ewé kan tó ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú fáìlì yẹn ni páásíwọ́ọ̀dù SAP ilé iṣẹ́ yóò gbà kọjá! Ta ló mọ ohun tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti kì bọ inú rẹ̀? Bí ẹ bá gbà á tán, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ tuntun bíi jco_tiwa.jar, torí JCo máa kọ̀ ọ́: «Illegal JCo archive».

Fáìlì tòótọ́ dé, àṣìṣe tún yọ: «Could not initialize class», ìlà lórí ìlà. NoClassDefFoundError ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, a sì lè rò pé JAR ló tún sọnù. Rárá. JAR wà níbẹ̀, kò kàn lè dìde ni. Mo ní ká wo òkè, níbi àṣìṣe àkọ́kọ́, torí àtúnwí ni ìyókù. UnsatisfiedLinkError la bá níbẹ̀: «Can't load AMD 64-bit .dll on a IA 32-bit platform». JCo ní ìdajì kejì tí kì í ṣe Java, sapjco3.dll lórí Windows, libsapjco3.so lórí Linux. Kì í gbé inú classpath, java.library.path ni Java ti ń wá a. Tirẹ̀ jẹ́ ti bíìtì 64, Java tó sì ń yọ tó ń tún fi sí látọjọ́ yìí, bíìtì 32 kan náà ni lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó fi Java bíìtì 64 sí i, iye ọjà sì jáde.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò, ẹ wọ inú fódà tí JCo wà, kí ẹ kọ java -jar sapjco3.jar -stdout. Yóò sọ irú Java tó ń lò, ẹ̀dà JCo tó wà níbẹ̀, àti bóyá ó rí ìdajì kejì yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bi ẹlòmíràn, èsì yẹn àti àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.